Èdè-Ìperí fún Ẹsẹ̀ Iwájú Alùpùpù: Yíyọ Rẹ̀, Ìtọ́jú Rẹ̀ àti Dídá A Padà

Bí ọ̀gá mẹ́káníìkì bá sọ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, 'Yọ táyà iwájú,' ọmọ iṣẹ́ náà kì í bèèrè ìtumọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé táyà ni ó jò, ó mọ̀ pé rọ́bà ni kí òun bọ́ kúrò lára rímù. Bí ó bá jẹ́ pé ìjánu ni kò mú dáadáa, ó mọ̀ pé gbogbo ẹsẹ̀ náà, ti rímù ti rọ́bà, ni kí òun fà jáde láàárín irin méjèèjì tí ó gbé e dúró. Alùpùpù wà níwájú wọn. Ojú ń rí ohun tí ẹnu kò sọ tán. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ gbólóhùn kan náà sínú ìwé, ojú kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń kà á lè tú ohun tí kò yẹ kí ó tú, ó sì lè fi ohun tí ó yẹ kí ó yọ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan, nínú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Láti ìgbà náà, ó ti ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé èdè yìí kò lè gba ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èdè-ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀ ti rí àbójútó lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Iṣẹ́ ọwọ́ kò rí irú àbójútó bẹ́ẹ̀, bóyá nítorí èrò pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn, pé kò sí ohun tí ó kù fún akadá láti ṣe. Apá kan òtítọ́ ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà nínú iṣẹ́ náà tí ojú nìkan ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀rọ̀, àwọn ibi wọ̀nyí náà sì ni àṣìṣe ti lè pa ènìyàn.

Alùpùpù tí àlàyé yìí dá lé ni alùpùpù kékeré irú Honda CG125, tí ilé iṣẹ́ àwọn ará Japan kan gbé jáde ní 1976, tí ìjánu iwájú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú àgbá irin. Irú ìjánu bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù tí ń gbé èrò àti irè oko káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Orúkọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Alùpùpù jẹ́ ohun tí ń lù pùpù: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe lù, àti ìró tí etí gbọ́. Ọ̀kadà ní tirẹ̀ wá láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí a dá sílẹ̀ ní 1983, tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú kan ní ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sì di Márúwá nítorí Buba Marwa, ológun tí ó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó lé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ará ìlú kì í dúró de akadá.

Ohun mìíràn tí ó hàn nínú ọ̀rọ̀ àwọn tí ń gun alùpùpù àti àwọn tí ń tún un ṣe ni pé ara ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n fi ń wo ẹ̀rọ náà. Ohun tí awakọ̀ dì mú ni ọwọ́. Iná iwájú ni ojú. Ohun tí ń yí lórí ilẹ̀ ni ẹsẹ̀. Nígbà tí ètò ti wà báyìí, kò yẹ kí ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun tún máa la ọ̀nà mìíràn. Àwọn irin gígùn méjì tí ó sọ̀ kalẹ̀ láti abẹ́ ọwọ́, tí ẹsẹ̀ iwájú sì wà láàárín wọn, ni àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní ṣọ́ọ̀kì iwájú. Orúkọ náà tọ́ka sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjì tí àwọn irin náà ń ṣe, èyí ni pé wọ́n ń gba agbára kòtò kí ó má baà dé ara awakọ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa èkejì, pé wọ́n gbé ẹsẹ̀ dúró. Itan bá wọn mu jù: itan ọ̀tún àti itan òsì. Àwọn kan a máa pe ẹsẹ̀ ọkọ̀ ní àgbá, ṣùgbọ́n ó sàn kí a fi àgbá sílẹ̀ fún ohun tí ó jọ àgbá ní tòótọ́, ìyẹn ihò irin roboto tí ó wà láàárín ẹsẹ̀, níbi tí ìjánu ti ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jẹ́ ti gbogbo ẹsẹ̀, tí ó tún jẹ́ ti ohun tí ó wà láàárín rẹ̀, a ti padà sí ìdàrúdàpọ̀ táyà tí a fi bẹ̀rẹ̀.

Ti ọ̀rọ̀-ìṣe le díẹ̀ ju ti ọ̀rọ̀-orúkọ lọ, bẹ́ẹ̀ èdè kò ṣaláìní. A ń yọ ohun tí ó há sáàárín ohun mìíràn, bí ìgbà tí a yọ idà nínú àkọ̀. A ń bọ́ ohun tí ó wọ ara ohun mìíràn bí aṣọ. A ń tú ohun tí a dè. Nítorí náà ẹsẹ̀ ni à ń yọ, táyà ni à ń bọ́, nọ́ọ̀tì ni à ń tú. Okùn ni dè àti tú kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ṣì wọ́n gbọ́ bí a bá lò wọ́n fún irin. Ẹni tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá sì ti dípẹtà yóò mọ ìdí tí Yorùbá fi ní ọ̀rọ̀ bí àdììtú.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò gùn. A ó gbé alùpùpù lé sítáńdì rẹ̀ ti àárín lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a ó sì fi ìtì igi tàbí àpótí tí ó lágbára ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì títí ẹsẹ̀ iwájú yóò fi kúrò nílẹ̀. A ó dẹ okùn ìjánu, a ó sì yọ ẹnu rẹ̀ kúrò lára ọ̀pá kékeré tí ó ń fà. A ó tú okùn atọ́ka-eré bí ó bá wà lára ẹsẹ̀ náà. Bí pínì tí ẹnu rẹ̀ là sí méjì bá wà nínú nọ́ọ̀tì, a ó tọ́ ọ, a ó fà á yọ, a ó sì sọ ọ́ nù, nítorí pé a kì í lo irú pínì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn èyí ni a ó tú nọ́ọ̀tì, a ó fi ọwọ́ kan gbé ẹsẹ̀ náà díẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá àárín, a ó sì fi ọwọ́ kejì fa ọ̀pá náà jáde. Bí kò bá fẹ́ jáde, a lè fi igi lé e lẹ́nu kí a tó gbá a. Òòlù irin tí a bá gbá mọ́ ọn ní tààrà yóò ba ìlà yíyí tí nọ́ọ̀tì ń gbà jẹ́.

Bí ọ̀pá bá ti jáde, nǹkan kékeré kan a máa já bọ́ sílẹ̀, a sì máa sọnù sínú iyẹ̀pẹ̀: irin roboto tí ihò la àárín rẹ̀ kọjá, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ fara gbún itan. Ìlẹ̀kẹ̀ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Bí a ti sín ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ okùn ni a sín in mọ́ ọ̀pá, bí ó sì ti jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tí ó bá kúrò nínú ọ̀wọ́ a máa hàn, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí ń ka ìwé ìtọ́nisọ́nà mọ̀ pé ipò rẹ̀ lórí ọ̀pá ṣe pàtàkì.

Ọ̀rọ̀ méjì tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ọ̀tún àti òsì, ni ó wá ń fa ìjọ̀ngbọ̀n jù níbi yìí. Nínú ìwé àwọn tí ó ṣe alùpùpù, ọ̀tún ni ọ̀tún ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀, tí ó kọjú síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yọ ẹsẹ̀ iwájú sábà máa ń lóṣòó níwájú alùpùpù, kí òun àti iná rẹ̀ máa wo ara wọn. Ọ̀tún rẹ̀ ni òsì alùpùpù. Ìtumọ̀ tí ó bá kọ 'apá ọ̀tún' lásán kò ṣe àṣìṣe nínú èdè, àmọ́ ó ti ṣe àṣìṣe nínú iṣẹ́. 'Ọ̀tún awakọ̀' ni kí a máa kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí ẹsẹ̀ bá ti wà nílẹ̀, ìtọ́jú rẹ̀ kàn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo pàṣẹ pé kí a mú kí ohun gbogbo mọ́. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. A gbọ́dọ̀ yàn láàárín fọ̀, nù, gbá, gbọ̀n àti fẹ́. Olùtúmọ̀ tí ó bá sá fún yíyàn yìí, tí ó sì kọ 'tún un ṣe kí ó mọ́,' ti fi ìpinnu sílẹ̀ fún ọwọ́ oníṣẹ́, ohun tí ó sì mọ́ ọ̀pọ̀ ọwọ́ lára ni láti fi afẹ́fẹ́ pọ́ǹpù tàbí ẹnu fẹ́ eruku inú àgbá dànù. Eruku yẹn ni ó ń jẹ jáde láti ara awọ ìjánu, awọ ìjánu ti àtijọ́ sì ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ohun tí ìwádìí ti fi hàn pé ó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti jẹjẹrẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ ni yóò fà á símú. Aṣọ tí a rẹ sínú omi ni a fi ń nù ún, aṣọ náà kò sì gbọdọ̀ gbẹ kí a tó sọ ọ́ nù. Nù ni kí olùtúmọ̀ kọ, kí ó sì fi kún un pé a kò gbọdọ̀ fẹ́ ẹ. Àpẹẹrẹ yìí yẹ fún yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀ ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewì lọ.

Bí awọ ìjánu bá ti fẹ́lẹ́ tó mílímítà 2, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Gírísì kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Ọ̀pá àárín ni a ó yí lórí gíláàsì tí ó tẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń yí, ó ti tẹ̀, ìdá márùn-ún mílímítà kan péré sì ni àyè tí ìwé Honda sábà máa ń fún un. Rímù ní àyè mílímítà 2 láti mì sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sí òkè. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a ó yẹ àwọn sípóòkì wò, èyí tí ó dẹ̀ lára wọn a máa dún yàtọ̀ bí a bá fi irin kékeré kàn án.

Ti béárìn mú ìbéèrè mìíràn wá. Ó ṣeé ṣe láti dá orúkọ Yorùbá sílẹ̀ fún un: òrùka irin méjì ni, ọ̀kan nínú èkejì, àwọn ọmọ irin roboto sì ń sáré láàárín wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a bá dá kò ní jẹ́ ti ọjà. Ẹni tí béárìn rẹ̀ bá bàjẹ́ yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, yóò sì pe orúkọ àti nọ́ńbà. Ní ti nọ́ńbà, àwọn tí ó ṣe é ti ṣe iṣẹ́ èdè-ìperí tí ó pé ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Bí a bá kọ 6301 sára béárìn kan, 01 tí ó gbẹ̀yìn túmọ̀ sí pé ihò àárín rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 12. 00 jẹ́ 10, 02 jẹ́ 15, 03 jẹ́ 17, láti 04 lọ sókè sì ni a ó máa fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, tí 04 yóò fi jẹ́ 20. Ọmọ iṣẹ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan lè ka èyí. Ọ̀rọ̀ àyálò ni kí béárìn máa jẹ́ lọ. Ohun tí Yorùbá ní láti pèsè ni ọ̀rọ̀ fún àyẹ̀wò rẹ̀: kí a fi ìka yí òrùka inú, kí a mọ̀ bóyá ó ń yọ́ lọ, tàbí ó ń ha, tàbí ó ń mì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti tó ẹ̀mí ni dídá ẹsẹ̀ padà. Ìjánu jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àṣeyọrí èdè yìí. Ara ẹṣin ni ó ti wá, a sì lè rí já àti ẹnu nínú rẹ̀. Nípa fífẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ni ó fi di ti ọkọ̀, tí ó sì bá ìjánu iwájú alùpùpù mu jùlọ, nítorí pé ọwọ́ awakọ̀ ni ó ń fà á bí ọwọ́ ẹlẹ́ṣin. Inú àgbá ni irin méjì tí ó tẹ̀ bí oṣù tuntun wà. Bí okùn bá ti fa ọ̀pá kékeré, irin méjèèjì a là síta, awọ ara wọn a sì ha inú àgbá tí ń yí. Àwọn tí ń tú Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ-ẹyọ yóò pè wọ́n ní bàtà ìjánu, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá kan tí yóò rí wọn tí yóò rántí bàtà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìjánu ni ó yẹ wọ́n: ìjánu ti ní ẹnu nínú tẹ́lẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì sì ń wú síta bí ti ẹni tí ó fọn fèrè. Irin pẹrẹsẹ tí ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì dúró, tí ó sì dé ẹnu àgbá, ni ọmọrí àgbá.

Kí a wá kíyè sí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí awakọ̀ bá fún ìjánu. Àgbá ń yí pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dì í mú. Àgbá sì fẹ́ fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọmọrí yí pẹ̀lú ara rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí ó rí i ṣe ni irin kékeré kan tí ó yọ sóde lára itan, tí ó wọ inú ojú kan tí a gbẹ́ sí ara ọmọrí. Bí oníṣẹ́ bá dá ẹsẹ̀ padà, tí irin yìí kò wọ ojú rẹ̀, nọ́ọ̀tì lè dè, ẹsẹ̀ lè yí, ìjánu sì lè dà bí ẹni pé ó mú nígbà tí a bá ń ti alùpùpù jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí ewúrẹ́ bá gba iwájú kọjá lójijì, tí awakọ̀ fún ìjánu tagbára-tagbára, ọmọrí yóò yí pẹ̀lú ẹsẹ̀. Okùn yóò já tàbí kí ó wé mọ́ ọn, ìjánu yóò pòórá tàbí kí ẹsẹ̀ há gan-in, tí alùpùpù yóò sì dojú dé pẹ̀lú ẹni tí ó gùn ún.

Irin yìí ni ó yẹ kí ó ní orúkọ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Bí a bá ń pè é ní 'irin kékeré tí ó yọ sóde,' irin tí ó yọ sóde lára itan ju ẹyọ kan lọ, gbólóhùn gígùn kò sì ṣeé ké láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣọ́ọ̀bù dé èkejì. Ìdènà kò tó, nítorí pé ohunkóhun lè jẹ́ ìdènà. Èèkàn ni kí a pè é. Èèkàn ni a ń so ẹran mọ́ kí ó má baà lọ. Ohun tí kò bá sí ní èèkàn yóò rìn. Orúkọ náà sọ ohun tí irin náà jẹ́, ó sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ọmọ iṣẹ́ òde òní kò mọ èèkàn mọ́ kò tíì rìn ní ìgboro Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Iléyá, nígbà tí àgbò wà lórí ìso ní ẹnu ọ̀nà ilé gbogbo. Ibi tí èèkàn wọ̀ lára ọmọrí a lè pè ní ojú èèkàn. Ìbéèrè tí ọ̀gá yóò bi ọmọ iṣẹ́ kí ó tó gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wá kúrú: 'Èèkàn ti wọlé?'

Lẹ́yìn ìdáhùn yìí ni a ó ti ọ̀pá àárín, tí a ti fi gírísì díẹ̀ pa lára, wọlé gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá, a ó sì fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì mọ́ ọn. A ó so okùn ìjánu padà. A ó yí ẹsẹ̀, a ó fún ìjánu kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì lè rí àárín àgbá, a ó sì dè é bí ìjánu ti wà ní fífún. Báwo ni yóò ti le tó? 'Dè é gidigidi' kì í ṣe ìwọ̀n. Ohun tí ìwé ń wọ̀n ni ipá ìyí, ìyẹn ipá ọwọ́ tí a fi gígùn sípánà sọ di púpọ̀. Ipá Niutọ́nù 250 ní ẹnu sípánà tí ó gùn ní mítà 0.2 jẹ́ Niutọ́nù-mítà 50. Bí oníṣẹ́ bá ki páípù bọ sípánà náà, tí gígùn rẹ̀ di mítà 0.4, ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n 100 ni nọ́ọ̀tì gbà. Ìdí nìyẹn tí ipá nìkan kò fi tó láti pè é. Ìyí gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Iye tí ìwé alùpùpù náà bá kọ ni kí ìtumọ̀ gbé jáde ní fígọ̀, kí ó má ṣe fi gidigidi tàbí dáadáa dípò rẹ̀.

Àwọn alùpùpù tí ìjánu iwájú wọn ń lo àwo àti òróró kò ní ọmọrí tàbí èèkàn irú èyí, wọ́n sì yẹ fún àlàyé tiwọn. Ìkìlọ̀ kan tó fún wọn níhìn-ín: bí a bá ti yọ ẹsẹ̀ wọn, a kò gbọdọ̀ fún ìjánu, kí àwọn irin tí òróró ń tì má baà sún jáde, pákó tín-ín-rín ni a ń fi sáàárín, ní ipò tí àwo wà tẹ́lẹ̀.

Ti alùpùpù alágbàá, ó ku kí a wọn àyè ìjánu. Ní ẹnu irin tí ọwọ́ ń fún, Honda fi mílímítà 20 sí 30 sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ yìí kí ìjánu tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Pínì tuntun yóò wọ inú nọ́ọ̀tì, okùn atọ́ka-eré yóò padà sí ipò rẹ̀, a ó yọ ìtì igi kúrò lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà náà ni oníṣẹ́ yóò gun alùpùpù náà fúnra rẹ̀, ní eré tí kò ju ti ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn lọ, lójú ọ̀nà tí kò sí ènìyàn, yóò sì fún ìjánu iwájú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ó tó gbé e fún ẹni tí ó ni ín.